Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fọhùn Mọ́ Lẹ́yìn Fọ́máàtì

Ọ̀kan lára ìṣòro tó máa ń bá àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni pé kí ẹ̀rọ náà yadi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, tí wọ́n sì tún ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ gbé sí i lákọ̀tun. Ètò ìpìlẹ̀ ni àkójọ àṣẹ tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, láti orí bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ títí dé orí àwòrán tó ń hàn lójú rẹ̀. Windows ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, àwọn mìíràn sì ń lo Linux. Pípa á rẹ́ àti títún un gbé sí i yìí ni àwọn ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánsẹ́kẹ̀, ní Kútọ̀ àti ní Òkè-Ìlèwó ń pè ní fọ́máàtì. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹ̀rọ á tàn, àwòrán á hàn, ìwé á ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n bí olóhun bá ṣí orin tàbí fídíò, kò ní gbọ́ nǹkan kan, ó sì lè rí àmì X pupa kékeré lára àwòrán sípíkà tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà.

Ohun tó bani nínú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni owó tí àwọn ènìyàn ń ná sórí ohun tí kò bàjẹ́. Ẹlòmíràn á ra sípíkà tuntun, ẹlòmíràn á gbà kí wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n lè yẹ wáyà inú rẹ̀ wò, ẹlòmíràn á sì tún san owó fọ́máàtì lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ohùn bá wà kí wọ́n tó ṣe fọ́máàtì, tí kò sì sí mọ́ ní kété tí wọ́n ṣe é tán, ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà láti gbà pé ọwọ́ sípíkà mọ́. Fọ́máàtì kò kan irin, kò kan wáyà, àkọsílẹ̀ nìkan ni ó ń pa rẹ́, inú àkọsílẹ̀ tó pa rẹ́ náà ni ó sì yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá ohùn tó sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré ní ìlú tí ohùn ti jẹ́ iṣẹ́ àti ìní láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin ìsìn rẹ̀ sórí àwo ní London ní ọdún 1922. Abẹ́òkúta náà ni ìlú Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà tó kú ní 1980. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni irú orin bẹ́ẹ̀ ń gbé, láti inú kọ̀ǹpútà náà ni àwọn atọ́kùn ètò orí rédíò sì ti ń mú un jáde fún àwọn tó ń gbọ́ OGBC, Paramount FM tàbí Rockcity FM. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Alábàtà, ti Moshood Abiola Polytechnic ní Òjèrè àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òsíẹ̀lẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti orí láptọ́ọ̀pù wọn. Ó sì tún ku àwọn kan tí ohùn kọ̀ǹpútà jẹ́ gbogbo nǹkan fún, ìyẹn àwọn afọ́jú tó ń fi etí ka ohun tí àwọn aláríran ń fi ojú kà. Ọ̀rọ̀ tiwọn yóò wá síwájú.

Kí ọ̀nà ìwádìí tó lè yé ènìyàn, ó dára kí ó mọ ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde. Nínú kọ̀ǹpútà, orin kò tíì di orin, òǹkà lásán ni. Orin tó wà lórí àwo CD, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ òǹkà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún etí ọ̀tún, àti iye kan náà fún etí òsì, òǹkà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ̀n tó ní ìṣẹ́jú wẹ́rẹ́ yẹn. Bí ènìyàn bá tẹ orin, ètò tó ń kọ orin náà á kó àwọn òǹkà rẹ̀ fún Windows, apá kan nínú Windows tó ń jẹ́ Windows Audio á pò wọ́n pọ̀ mọ́ ohùn mìíràn tó bá ń jáde lọ́wọ́, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ṣíìpù kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Iṣẹ́ ṣíìpù yìí ni láti sọ òǹkà di iná mànàmáná tó ń lọ sókè sódò. Iná náà ló ń gbọn awọ sípíkà, gbígbọ̀n awọ náà sì ni etí ń gbọ́. Orúkọ tó wọ́pọ̀ jù lára ṣíìpù ohùn ni Realtek, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Taiwan ní 1987, ṣùgbọ́n ti Conexant, ti IDT àti ti Cirrus Logic náà wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé Windows kò gbọ́ èdè gbogbo ṣíìpù wọ̀nyí. Nítorí náà ni ẹni tó ṣe ṣíìpù fi ń ṣe dráífà, ètò kékeré tó ń dúró láàárín Windows àti ṣíìpù gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ṣe ń dúró láàárín àwọn òyìnbó oníwàásù àti àwọn olóyè Ẹ̀gbá ní àwọn ọdún 1840. Ohun tí ẹni ìkíní bá wí, ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tó yé ẹnì kejì, á sì mú èsì padà. Bí kò bá sí ní ìjókòó, àwọn méjèèjì lè wo ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ tó dé ibì kan. Fọ́máàtì ń lé ògbufọ̀ náà jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ilé, ètò ìpìlẹ̀ tuntun tó wọlé kì í sì í mú ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ dání ní gbogbo ìgbà.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe pẹ́ tó láyé ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kọ̀ǹpútà IBM tó jáde ní 1981 kò lè ṣe ju kí ó fọn fèrè tín-ínrín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin ní láti ra káàdì ohùn lọ́tọ̀, èyí tó lókìkí jù nínú wọn sì ni Sound Blaster tí ilé iṣẹ́ Creative ti Singapore gbé jáde ní 1989. Nígbà tó yá, àwọn aṣekọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ṣíìpù ohùn mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ Intel sì la ìlànà kan kalẹ̀ fún un ní 1997 tó ń jẹ́ AC'97, lẹ́yìn èyí ni ó tún gbé High Definition Audio jáde ní 2004. Windows XP tó jáde ní 2001 kò lè mọ ìlànà ti 2004 yìí láti inú wá, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé láyé XP, kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣe fọ́máàtì rẹ̀ láìní àwo CD tó bá a wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fọhùn rárá. Windows Vista, tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní 2007, ló gbé dráífà gbogboogbò fún High Definition Audio wá nínú ara rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn lẹ́yìn fọ́máàtì. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni Intel tún ti fi ohun kan sí àárín ọ̀nà, tó ń jẹ́ Smart Sound Technology, tí òun náà nílò dráífà tirẹ̀, ìṣòro tí àwọn ènìyàn rò pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ sì padà wá sórí àwọn láptọ́ọ̀pù tí kò tíì gbó.

Ní Abẹ́òkúta, ohun tó mú un wọ́pọ̀ ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà dé ìlú. Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ara wọn ń rà: ilé iṣẹ́ kan ní Britain tàbí ní Amẹ́ríkà ti lò ó fún ọdún mélòó kan, ó ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí àṣírí rẹ̀ má baà bá ẹ̀rọ lọ, ó ti tà á, ẹ̀rọ náà ti gba Èkó kọjá, bóyá ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó tó gòkè wá sí ìsọ̀ kan ní Sápọ́n. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ẹni tó ṣe é ti kó gbogbo dráífà rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ti fi ẹ̀dà wọn pamọ́ sí apá kan dísìkì, ṣùgbọ́n apá náà ti bá ìparẹ́ lọ. Fíláàṣì kan náà tí ẹnjiníà fi gbé Windows sínú Dell ní àárọ̀ ni yóò fi gbé e sínú HP ní ọ̀sán, Windows orí fíláàṣì náà kò sì dá ọ̀kankan mọ̀ nínú wọn. Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ tún dá kún un, nítorí pé láptọ́ọ̀pù tí bátírì rẹ̀ kò dúró mọ́, tó sì kú lójijì níbi tí Windows ti ń kọ nǹkan sórí dísìkì, lè bàjẹ́ débi pé fọ́máàtì ni yóò gbà á. Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹyìn gbogboogbò fún Windows 10 dúró ni ìdí mìíràn tún ti yọjú, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó lọ sórí Windows 11 tàbí Linux.

Ìwádìí tó bójú mu a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí ẹni tó ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ wo bóyá wọ́n ti pa ohùn mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu láti orí bọ́tìnì, nítorí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ní bọ́tìnì kan lápá òkè tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí iná kékeré sì máa ń wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ àwòrán sípíkà tó wà ní igun ìsàlẹ̀, kí ó sì wo ibi tí Windows ń darí ohùn sí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ohùn wà, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni ni ó ń lọ: ṣíìpù tó ń ṣe àwòrán náà ní ọ̀nà ohùn tirẹ̀, èyí tó ń gba inú wáyà HDMI lọ sínú tẹlifíṣọ̀n, bí dráífà rẹ̀ bá sì ṣáájú ti sípíkà wọlé lẹ́yìn fọ́máàtì, Windows lè máa kó gbogbo orin lọ sínú tẹlifíṣọ̀n tí kò sí níbẹ̀. Yíyan sípíkà láàárín àwọn orúkọ tó hàn ti tó láti mú ohùn padà nínú irú ọ̀ràn yìí.

Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, Device Manager ni ibi tí òtítọ́ wà. Ẹni tó bá fi bọ́tìnì ọ̀tún mọ́ọ̀sì tẹ àmì Windows tó wà nísàlẹ̀ yóò rí orúkọ yìí nínú àwọn tó yọ síta. Bí ó bá ṣí i, yóò rí àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀yà tí Windows rí nínú ẹ̀rọ, àwọn tó jẹ mọ́ ohùn sì wà lábẹ́ Sound, video and game controllers. Bí orúkọ Realtek tàbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn bá wà níbẹ̀ láìsí àmì kankan, ògbufọ̀ wà ní ìjókòó, ibòmíràn ni kí wọ́n lọ wá ẹjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ High Definition Audio Device nìkan ló wà, dráífà gbogboogbò ti Microsoft ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀rọ kan tí kì í sì í mọ bí yóò ṣe jí sípíkà nínú òmíràn. Bí àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè bá wà lábẹ́ Other devices, pẹ̀lú orúkọ bíi Multimedia Audio Controller, a jẹ́ pé Windows rí ṣíìpù náà ṣùgbọ́n kò ní ògbufọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ṣí i, àkọsílẹ̀ Code 28 tó sábà máa ń wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí dráífà rárá, nígbà tí Code 10 túmọ̀ sí pé ẹ̀yà náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé dráífà tí wọ́n fún un kì í ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ tó jẹ mọ́ ohùn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pa ohùn nínú BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde.

Ohun kan wà nínú Device Manager tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ni kọ̀ǹpútà mọ̀, nítorí pé òun ló ń fi òpin sí àbá lásán. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀yà kan lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n lọ sí Details, tí wọ́n sì yan Hardware Ids, wọn yóò rí ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tó ní VEN nínú. Ohun tó tẹ̀lé VEN ni àmì ìdánimọ̀ ẹni tó ṣe ṣíìpù náà: 10EC jẹ́ ti Realtek, 14F1 jẹ́ ti Conexant, 111D jẹ́ ti IDT, 8086 jẹ́ ti Intel, 1002 jẹ́ ti AMD, 10DE sì jẹ́ ti NVIDIA. Bí ẹ̀rọ bá gbé àmì ìyeyè, tí VEN rẹ̀ sì jẹ́ 8086, kì í ṣe dráífà Realtek ló kọ́kọ́ sọnù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Ti Intel Smart Sound ni, ṣíìpù Realtek sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Láìsí pé wọ́n fi ti Intel sí i ṣáájú, wọ́n lè fi dráífà Realtek sí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìgbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti dá lẹ́bi pé ohùn rẹ̀ ti jóná ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to àwọn dráífà yìí tẹ̀léra ni kò tọ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti gba dráífà ni kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ sí Windows Update, kí wọ́n sì wo ibi tí wọ́n kọ Optional updates sí, nítorí pé ibẹ̀ ni Microsoft máa ń kó àwọn dráífà kan sí láìkéde wọn. Fọ́máàtì tó gba dráífà ohùn lọ sábà máa ń gba ti Wi-Fi náà lọ, ṣùgbọ́n fóònù Android lè gbà wọ́n: bí wọ́n bá fi wáyà USB so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì tan USB tethering lórí rẹ̀, Windows 10 àti 11 yóò máa lo dátà fóònù náà láìbéèrè dráífà kankan lọ́wọ́ olóhun.

Bí Windows Update kò bá mú un wá, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà gan-an ló kàn, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe ṣíìpù, torí pé ṣíìpù Realtek kan náà lè wà nínú HP àti nínú Lenovo kí ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó mọ́ sípíkà má sì jọra. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ ni wọn yóò tẹ̀ síbẹ̀, èyí tí Dell ń pè ní Service Tag, tí àwọn ìyókù sì ń pè ní serial number. Ó máa ń wà lára ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n lára tòkúnbọ̀, ìwé náà ti sábà máa ń họ kúrò. Èyí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí nọ́ńbà kan náà wà nínú BIOS: lórí Dell, F2 ni wọn yóò tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, lórí HP, F10, lórí ThinkPad ti Lenovo, F1. Nínú àwọn dráífà tí ojúlé náà bá fi hàn, ti chipset, ìyẹn àwọn ṣíìpù tó ń so ẹ̀yà orí mọ́dábọ́ọ̀dù pọ̀, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, lẹ́yìn náà ti Intel Smart Sound bí ó bá wà níbẹ̀, kí ti ohùn gan-an tó tẹ̀lé e, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ kí wọ́n tún un tàn. Bí kò bá sí ti Windows 11 fún ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ti Windows 10 tó jẹ́ bíìtì 64 sábà máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ibì kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí wò. Bí ẹnjiníà kò bá pa dísìkì rẹ́ pátápátá, tó jẹ́ pé orí Windows àtijọ́ ló gbé tuntun lé, Windows tuntun máa ń kó ti àtijọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, ó sì sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó pa á rẹ́. Gbogbo dráífà tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nínú fódà DriverStore tó wà lábẹ́ System32. Bí wọ́n bá ní kí Device Manager wá dráífà níbẹ̀, ó lè rí ti ohùn láìná dátà kankan.

Ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn àkójọ dráífà tó wà káàkiri, tí ẹnjiníà ń gbé lórí fíláàṣì láti ilé kan dé èkejì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn ẹnjiníà nítorí rẹ̀, torí pé dátà wọ́n, oníbàárà ń kánjú, àkójọ náà sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ó máa ń fi dráífà tó jọ ti ẹ̀rọ sí i dípò tirẹ̀, nínú èyí ni Code 10 ti ń wá, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń kó ètò tí olóhun kò béèrè wọlé, èyí tó ń fi ìpolówó ọjà kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí lè yọ dráífà náà kúrò nínú Device Manager, kí ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ó tó fi èyí tó tọ́ sí i.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. MacBook tí wọ́n fi Windows sí nílò àkójọ dráífà tí Apple ṣe fún Boot Camp, ètò rẹ̀ tó ń fún Windows láyè lórí MacBook; láìsí i, ohùn rẹ̀ kì í jáde. Chromebook, tí Google fúnra rẹ̀ ṣe ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀, ló ṣòro jù. Àwọn oníṣòwò kan ń fi Windows sínú rẹ̀ kí ó lè tà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà so ṣíìpù ohùn rẹ̀ kò bá ti láptọ́ọ̀pù mìíràn mu, ẹni tó ṣe é kò sì ṣe dráífà Windows fún un. Àwọn olùfara-ẹni-jìn tó ń kọ dráífà sílé ara wọn nìkan ni ìrètí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú ní ìlú gbọ́dọ̀ béèrè bóyá Chromebook ni, kí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Linux náà ní àrùn tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ dráífà wà. Nígbà tí Linux kò bá rí ṣíìpù ohùn, orúkọ Dummy Output ni yóò fi hàn níbi tí sípíkà yẹ kí ó wà, ohun tó sì sábà máa ń fà á lórí láptọ́ọ̀pù àìpẹ́ yìí ni pé fáìlì kan tó ń jẹ́ Sound Open Firmware kò sí níbẹ̀. Lórí Debian, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn irú Linux, wọ́n lè fi àkójọ firmware-sof-signed gbà á. Ìgbà mìíràn, ètò alsamixer yóò fi hàn pé wọ́n kàn pa ọ̀nà ohùn kan mọ́ lẹ́nu ni, MM ni yóò sì kọ síbẹ̀. Àǹfààní tí Linux ní ju gbogbo èyí lọ, àní fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ lò, ni pé ó lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú dísìkì. Bí ohùn bá jáde láti inú Linux orí fíláàṣì, ẹ̀rí tó dájú ti wà pé ṣíìpù, wáyà àti sípíkà gbogbo wọn pé, pé inú Windows ni àìsàn wà. Bí kò bá jáde, ìyẹn nìkan kò tó láti dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Àìsàn ara gan-an náà wà, ṣùgbọ́n ó kéré. Ihò tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ̀ ní ohun kékeré kan nínú tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé wáyà ti wọlé; eruku ọyẹ́ àti ìdọ̀tí àpò lè jẹ́ kí ó di, tí ẹ̀rọ yóò sì máa rò pé etí ènìyàn ni ohùn ń lọ nígbà gbogbo. Kíki wáyà bọ̀ ọ́ kí wọ́n sì tún fà á yọ lẹ́ẹ̀mélòó kan máa ń tú u sílẹ̀. Ẹni tí ṣíìpù ohùn rẹ̀ bá ti kú lóòótọ́ kò ní láti pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, nítorí pé káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń ki bọ USB kò wọ́n, Windows àti Linux sì ti ní dráífà gbogboogbò fún un nínú ara wọn.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí kí fọ́máàtì tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ohùn ṣì wà. Lórí Windows 10 àti 11, bí wọ́n bá ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, tí wọ́n sì tẹ pnputil /export-driver * D:\drivers, Windows yóò kó ẹ̀dà àwọn dráífà tí wọ́n ti fi kún un láti ìta sínú fódà drivers tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lórí fíláàṣì, bí D bá jẹ́ lẹ́tà fíláàṣì náà. Lẹ́yìn fọ́máàtì, fódà yìí ni wọn yóò tọ́ka Device Manager sí, ti Wi-Fi, ti ojú kọ̀ǹpútà àti ti ohùn yóò sì padà sáyè wọn. Ẹnjiníà tó bá fi èyí ṣe àṣà yóò dín iṣẹ́ àtúnṣe tirẹ̀ kù, oníbàárà náà sì lè béèrè fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ kí ó tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

Fún afọ́jú, ìmúrasílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Ètò tó ń kàwé sí wọn létí, irú bíi NVDA tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 2006 tí wọ́n sì ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí Narrator tó wà nínú Windows, ń gba inú ṣíìpù ohùn yìí kan náà sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá lọ, ẹni náà kò lè rí Device Manager, kò lè ka Code 28, kò sì lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tilẹ̀ ti tàn. Ìdí nìyí tí káàdì ohùn USB fi yẹ kí ó wà lọ́wọ́ gbogbo afọ́jú tó ń lo kọ̀ǹpútà, kí ẹnjiníà sì ki káàdì náà bọ ẹ̀rọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ fọ́máàtì, kí ó tẹ Windows, Ctrl àti Enter pa pọ̀ kí Narrator lè dìde nígbà tí Windows tuntun bá ti ń béèrè èdè àti orúkọ, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè dáhùn àwọn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀.